Bí Olùdarí Bá Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Dákẹ́

Ní gúúsù Uganda, ní àgbègbè Masaka àti Rakai, àrùn éèdì ti kó èèyàn lọ púpọ̀ kí ọdún 2000 tó wọlé. Agboolé tí kò sin òkú ọ̀dọ́ ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó ṣẹ́kù ń lọ sóko, wọ́n ń ti oko bọ̀, ṣùgbọ́n inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dùn sí ayé mọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n gan-an, wọ́n dárúkọ àìsàn méjì ní èdè Luganda: ọ̀kan ni yo'kwekyawa, kí èèyàn kórìíra ara rẹ̀, èkejì ni okwekubazida, kí èèyàn máa káàánú ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn oníṣègùn wò ó, wọ́n rí i pé àpèjúwe náà bá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ìwé wọn ń sọ mu.

Oògùn rẹ̀ wọ́n, dókítà ọpọlọ kò sì tó nǹkan. Paul Bolton, Helen Verdeli, Myrna Weissman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá gbé ètò mìíràn kalẹ̀. Wọ́n mú abúlé 30, wọ́n ṣẹ́ kèké lé wọn. Ní abúlé 15, wọ́n kó àwọn tí àìsàn náà ń bá jà jọ, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, kí wọ́n máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 16. Ìjókòó kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀. Àwọn tó ń darí wọn kì í ṣe dókítà. Ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ tó gbọ́ Luganda dáadáa, tó sì kàwé díẹ̀, ni wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ náà.

Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA lọ́dún 2003. Ní àwọn abúlé tí ìpàdé ti wáyé, 86 nínú 100 àwọn tó kópa ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ku 6.5. Ní àwọn abúlé yòókù, ó ti orí 94 bọ́ sí 54.7. Ẹ kíyè sí i pé ara àwọn tí wọn kò ṣe ìpàdé kankan fún náà yá díẹ̀, nítorí ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́ a máa wo nǹkan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ nìkan kọ́ ló mú nǹkan dé 6.5.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ń wo ohun tó bẹ̀rẹ̀ ìṣòro ẹnì kọ̀ọ̀kan: ṣé ikú ẹnì kan ni, ṣé ìjà pẹ̀lú ẹni tó sún mọ́ ọn ni, àbí ayé ló yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́, bóyá ó di opó, bóyá àìsàn dá a dúró, bóyá iṣẹ́ bọ́. Amẹ́ríkà ni ìlànà náà ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n tún un rán kó tó bá wọn mu. Ní ọ̀hún, olùdarí lè bi ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pé kí ni kò dáa lára olóògbé. Ní Uganda, bíi tiwa níhìn-ín, a kì í sọ òkú láìdáa. Wọ́n wá ń béèrè pé ṣé ìgbà kan wà tí olóògbé já ọ kulẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ìyàwó tí inú ń bí sí ọkọ kì í kọjú sí i kó sọ ọ́. Oúnjẹ ló máa sè tí kò ní ṣeé jẹ. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan tó ń ka èyí ti ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ya irú àwùjọ báyìí sọ́tọ̀ sí wáàsù àti kíláàsì ni pé ìwòsàn inú rẹ̀ kì í wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó síwájú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń tọ́jú ara wọn. Iṣẹ́ olùdarí ni kó la ọ̀nà fún ọ̀rọ̀, kó sì kúrò lójú ọ̀nà náà. Ó rọrùn láti sọ. Láàárín àwa tí a máa ń wojú ẹni tó dàgbà jù kó tó di pé a lanu, tí a sì máa ń fi àdúrà pa ẹni tó ń sunkún lẹ́nu mọ́, iṣẹ́ ńlá ni.

Ẹni tí ìtàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ nípa irú àwùjọ báyìí kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan tuntun lòun ń ṣe. Joseph Pratt, dókítà ní Boston, kó àwọn tálákà tí ikọ́ ife ń bá jà jọ lọ́dún 1905. Wọn kò lówó tí wọ́n lè fi lọ sí ilé ìtọ́jú tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń lọ gba atẹ́gùn tútù. Pratt ní kí wọ́n ṣe tiwọn nílé: kí wọ́n sùn síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí wọ́n jẹun dáadáa, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n máa kọ bí ara ṣe gbóná sí sínú ìwé kékeré. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pàdé, wọ́n á gun ìwọ̀n, wọ́n á ka ìwé wọn. Èrò dókítà ni pé òun yóò bọ́ lọ́wọ́ títún ọ̀rọ̀ kan náà sọ fún èèyàn kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wá rí ni pé àwọn tí ẹ̀sìn àti ìran wọn yàtọ̀ síra, tí wọn kì bá tí kí ara wọn ní títì, ń bá ara wọn yọ̀ torí pé ẹnì kan sanra díẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ yẹn. Àìsàn kan náà ló sọ wọ́n di ará. Ẹni tuntun tó wọlé pẹ̀lú ojú òkú á rí ẹni tó ti wà bẹ́ẹ̀ lóṣù mélòó kan sẹ́yìn tó ń rìn tó ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dókítà tó lè ṣe iṣẹ́ ìyẹn.

Ẹni tó wá fi ìwádìí gbè é lẹ́sẹ̀ ni Kurt Lewin, Júù tó sá kúrò ní Jámánì lọ́dún 1933 nígbà tí Hitler gorí àlééfà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló ń jẹ ojúlówó ẹran, ìjọba sì fẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé máa se ọkàn màlúù, kídìnrín àti irú wọn. Ìríra ni fún wọn. Àwa tí a ń du ẹ̀dọ̀ àti ṣàkì mọ́ ara wa lọ́wọ́ lórí àwo lè má mọ ohun tó le níbẹ̀. Lewin pín àwọn obìnrin náà sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó gún régé nípa ohun tó ń ṣara lóore nínú ẹran yìí àti bí wọ́n ṣe lè sè é. Àwọn yòókù jókòó, wọ́n jọ sọ ọ́, wọ́n sọ ohun tó ń kọ̀ wọ́n lóminú nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n nawọ́ sókè níwájú ara wọn pé àwọn yóò dán an wò. Nínú àwọn tó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, 3 nínú 100 ló se ẹran tí wọn kò sè rí. Nínú àwọn tó jọ sọ ọ́, 32 ni.

Lọ́dún 1945, Lewin dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní MIT lórí bí àwùjọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1946, ó darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní New Britain, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, fún àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlú tó fẹ́ gbógun ti ẹ̀tanú ẹ̀yà. Lálẹ́, àwọn olùwádìí á jókòó lọ́tọ̀ láti jábọ̀ ohun tí wọ́n rí lọ́sàn-án. Díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ṣé àwọn lè wá gbọ́. Lewin gbà. Olùwádìí kan wá ń ròyìn ohun tí obìnrin kan ṣe lọ́sàn-án, obìnrin náà sì wà níjókòó. Ó ní rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì sọ bí ó ṣe rí lójú tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ di awuyewuye. Kò pẹ́ tí gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń rọ́ wá lálẹ́, torí wọ́n rí i pé ohun tí èèyàn ń kọ́ nígbà tó bá gbọ́ bí òun ṣe rí lójú ẹlòmíràn, lójú ẹsẹ̀, lẹ́nu ẹni tó jókòó tì í, kò sí nínú ìwé tí wọ́n wá kà. Lewin fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kejì ọdún 1947, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú ìpàdé náà lọ sí Bethel ní ìpínlẹ̀ Maine lọ́dún yẹn kan náà, ibẹ̀ ló sì ti tàn kálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sítòsí. Ká sọ pé opó méje jókòó yíká nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì n'Íbàdàn. Èmi ni mo ṣẹ̀dá wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá opó jókòó rí yóò mọ̀ wọ́n. Olùdarí wọn kò tíì pé ogójì ọdún. Àǹtí Káńsẹ́lọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìyá Ṣadé ló ń sọ̀rọ̀.

“Ilẹ̀ tí bàbá Ṣadé rà, àwọn àbúrò rẹ̀ ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Nígbà mìíràn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, òkú gan-an ni mo máa ń bínú sí, pé kò fi ìwé kankan sílẹ̀.”

Yàrá dákẹ́. Mummy Alájọ, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló kọ́kọ́ fọhùn. “Háà! Má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Opó tó bá ní sùúrù, Ọlọ́run ni ọkọ rẹ̀.”

“Àmín,” ni àwọn méjì ní lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Ṣadé fi etí aṣọ nujú. “Ẹ ṣé, mà.” Ó sì dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, bí olùdarí bá gbà. Bí Àǹtí Káńsẹ́lọ̀ bá jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lára, ó lè fi tirẹ̀ kún un: kó lọ rí lọ́yà, kó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba báyìí-báyìí. Ìmọ̀ràn gidi ni, ó lè wúlò ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n oníwàásù méjì ló máa wà nínú yàrá náà dípò ọ̀kan, ìbínú Ìyá Ṣadé á sì bá a padà sílé. Bó bá sì sọ pé, “Mummy, a kì í gba èèyàn nímọ̀ràn níbí o,” ó ti dójú ti àgbà, kò sì sí ẹni tó máa la ẹnu mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. “Mummy, ẹ ṣé, mà. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí tiyín ṣẹlẹ̀, kí ló kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn?”

Ó wá dákẹ́. Kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn dé ibi tí ara ti ń ni àwọn kan. Ẹnì kan tún gèlè wé, ẹnì kan wo fóònù rẹ̀.

“Èmi?” ni Mummy Alájọ wí nígbà tó yá. “Ọdún méjì ni mi ò fi yọjú síbi tí wọ́n sin ín sí. Mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹsẹ̀ kankan ò dùn mí. Inú ló ń bí mi sí i.”

Obìnrin kan tó wà létí ilẹ̀kùn, tí kò tíì sọ gbólóhùn kan láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbé ojú sókè. “Mo rò pé èmi nìkan ni.”

Irvin Yalom, dókítà ọpọlọ ní Stanford tí ìwé rẹ̀ lórí ìtọ́jú àwùjọ kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1970, ka ohun mọ́kànlá tó ń wo èèyàn sàn nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí obìnrin etí ilẹ̀kùn yẹn sọ sì wà lára wọn. Ìrètí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti àǹfààní pé kí ẹni tó ti ń wá ìrànlọ́wọ́ káàkiri rí i pé òun náà lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo rò pé a kì í kà sí tó. Mummy Alájọ ti ń ran èèyàn lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n láti òkè sísàlẹ̀ ni. Ìmọ̀ràn rẹ̀ kò wọ Ìyá Ṣadé lọ́kàn. Ìtàn rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Mi ò sọ pé ìpàdé ẹbí, níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wá láti òkè sísàlẹ̀, kò dára. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pe àwọn àgbà ẹbí jọ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí tọkọtaya, ẹni tó jẹ̀bi ni wọ́n ń wá, kí ó bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n dá ẹjọ́, kí ó parí síbẹ̀. Àwùjọ ìgbaninímọ̀ràn kò ní ẹjọ́ láti dá. Ẹni tó bá gbé àṣà ìpàdé ẹbí wọ inú rẹ̀ yóò máa wá ẹlẹ́bi láàárín àwọn tó wá gba ìwòsàn, mo sì ti rí i pé àwa Yorùbá a máa tètè ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bí olùdarí bá jẹ́ pásítọ̀ tàbí àlùfáà tí ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ìdájọ́.

Àwọn olùdarí tó mọ iṣẹ́ ní ọgbọ́n kéékèèké tí ojú kì í tètè rí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń sọ̀rọ̀ tó tẹjú mọ́ olùdarí nìkan, olùdarí á rọra gbé ojú rẹ̀ yípo àwọn yòókù. Ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ á sì kúrò láàárín èèyàn méjì. Bí ẹnì kan bá béèrè pé, “Àǹtí, kí ni kí n ṣe?”, á dá ìbéèrè náà padà sáàárín: “Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí?” Ní ti àwọn ìyá àti bàbá wa, àwọn ìwé òyìnbó kan ní kí gbogbo èèyàn máa pe ara wọn lórúkọ kí wọ́n lè dọ́gba. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò pe Mummy Alájọ lórúkọ? Ohun tó ṣeé ṣe níbí ni kí olùdarí fún àgbà ní ọ̀wọ̀ rẹ̀, kó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ tiwọn, kí òun wá sọ tirẹ̀ kẹ́yìn.

Ìdí wà fún èyí yàtọ̀ sí ìwà ọmọlúàbí. Lọ́dún 1951, Solomon Asch fa ìlà sórí páálí, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin sọ èyí tó gùn bá ìlà àkọ́kọ́ dọ́gba. Ọmọdé lè rí ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó ti ẹni tí wọ́n ń dán wò ti bá Asch dì í pé àwọn yóò jọ dáhùn òdì. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta ni ẹni náà ń tẹ̀ lé wọn lọ sínú òdì ohun tí ojú ara rẹ̀ rí. Àjèjì lásán ni àwọn yẹn sí i, wọn kì í ṣe ìyá rẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sì wà níbẹ̀ tó dáhùn bó ṣe rí, ìtẹ̀lé náà a máa já wálẹ̀ gan-an. Nítorí náà, bí àgbà bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tí méjì sì ti ṣe àmín, ohun tí ẹni kẹrin ń rò lọ́kàn ti di ìkọ̀kọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé dídákẹ́ olùdarí túmọ̀ sí pé kó jókòó síbẹ̀ bí ère. Ní Iowa, lọ́dún tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù, 1939, Lewin, Ronald Lippitt àti Ralph White tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọkùnrin tí wọn kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́. Lábẹ́ ọ̀gá tó ń pàṣẹ ṣáá, iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jáde iṣẹ́ dúró, wọ́n sì ń fi ìbínú tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ara wọn. Lábẹ́ ẹni tó ń bá wọn jíròrò, iṣẹ́ ń tẹ̀ síwájú bí ó tilẹ̀ jáde. Lábẹ́ ẹni tó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣe bó ṣe wù wọ́n, kò sí iṣẹ́ gidi kankan. Olùdarí tó dákẹ́ lọ́nà tó tọ́ ń ṣọ́ aago, ó ń ṣọ́ ẹni tí wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu, ó sì ń ṣọ́ ẹni tí kò wá ní ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀léra.

Lọ́dún 1965, Bruce Tuckman ka nǹkan bí àádọ́ta ìwé ìwádìí nípa àwọn àwùjọ kékeré, ó sì rí i pé wọ́n máa ń gba ọ̀nà kan náà kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn ń ṣe jẹ́jẹ́, wọ́n ń wojú olùdarí. Lẹ́yìn náà ni ìjà. Lẹ́yìn ìjà ni wọ́n ń fúnra wọn ṣe òfin tó bá wọn lára mu, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀. Ibi ìjà yìí ni olùdarí tuntun ti máa ń ṣìṣe. Ó rò pé àwùjọ náà ti bàjẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í parí ìjà, ó ń rọ gbogbo wọn kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà yẹn ni wọ́n ń dán an wò bóyá ibẹ̀ láàbò tó fún òtítọ́. Lọ́dọ̀ wa, ìjà náà kì í sábà pariwo. Ìpẹ́lẹ́yìn ni. “Ó ti dáa” tí kò dáa rárá ni. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá á wá fi ọ̀rọ̀ sí orí status WhatsApp rẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, àwọn mẹ́fà yòókù á kà á, kò sì sí ẹni tó máa mẹ́nu bà á nígbà tí wọ́n bá jókòó. Olùdarí tó bá ní ìgboyà á sọ pé, “Ó jọ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa lọ́sẹ̀ tó kọjá,” á sì dúró.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń gbé wá sọ́dọ̀ mi bí mo bá dárúkọ irú ìpàdé yìí. Wọ́n ní ní ìlú tí ìyá ẹni jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá ẹlòmíràn, ta ló máa gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu èèyàn méje? Wọn kò jẹ̀bi. Dókítà tàbí káńsẹ́lọ̀ ní òfin iṣẹ́ tó dè é. Ọmọ ẹgbẹ́ kò ní. Olùdarí olóòótọ́ kì í ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ kò ní jáde. Ohun tó ń sọ ni pé òun yóò pa tòun mọ́, àyàfi bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu tàbí bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ju ohun tó lè fara dà lọ. Ó tún ń bójú tó ẹni tó ń kó jọ. Ìyàwó àti ìyá ọkọ kò gbọdọ̀ bá ara wọn nínú àwùjọ kan náà. Òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ bá ara wọn níbẹ̀. Nípa iye wọn, méje tàbí mẹ́jọ ni Yalom fẹ́ràn jù.

Ibi kan wà tí irú àwùjọ yìí ti ń ṣe èèyàn léṣe, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Yalom, Morton Lieberman àti Matthew Miles tẹ ìwé jáde lọ́dún 1973 lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Stanford tí wọ́n pín sí àwùjọ 18, ní ìgbà tí irú ìpàdé yìí gbòde ní California tí gbogbo ẹlẹ́nu dídùn sì ń dá tirẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ara wọn yá nígbà tó parí. Àwọn kan burú sí i, ó sì pẹ́ lára wọn. Ọwọ́ àwọn olùdarí kan ni èyí ti ṣẹlẹ̀ jù: àwọn tí ojú wọn ń tàn bí iná, tí wọ́n ń fúngun mọ́ èèyàn kó tú gbogbo inú rẹ̀ síta lójú ẹsẹ̀, tí wọn kò sì ní sùúrù fún ẹni tó bá ń fà sẹ́yìn. Nígbà tí mo bá rí àwọn ìpàdé ìdáǹdè kan lóde òní, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn bi obìnrin léèrè ohun tó ṣe nígbà èwe rẹ̀, ìwé yẹn ni mo máa ń rántí.

Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1954, Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta. Àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe kò sùn sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n gba yàrá lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, mọ̀lẹ́bí wọn kan sì bá wọn wá. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n á padà sáàárín èèyàn. Ìtọ́jú àwùjọ tí à ń sọ kọ́ nìyẹn gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n Lambo ti rí i pé àwùjọ gan-an wà lára oògùn.

Ti ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀. Ọdún 1959 ni wọ́n sábà máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káńsẹ́lọ̀ nílé ẹ̀kọ́ wa, nígbà tí àwọn sísítà Kátólíìkì ní St Theresa's College, Òke-Àdó, n'Íbàdàn, pe àwọn ògbóǹtarìgì lẹ́nu iṣẹ́ oríṣiríṣi láti wá bá àwọn ọmọbìnrin tó ń jáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Iṣẹ́ rere ni, ó sì so èso. Nígbà tó di 1976, àwọn káńsẹ́lọ̀ ti ní ẹgbẹ́ tiwọn jákèjádò orílẹ̀-èdè, CASSON. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ló sì wà dòní. Káńsẹ́lọ̀ kan ló ń bójú tó ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọmọ. Kò lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láé. Àwùjọ ọmọ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni ìṣirò kan ṣoṣo tó lè bọ́ sí i. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni kó kó gbogbo kíláàsì jọ, kó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lórí ewu egbòogi olóró, kó wá béèrè pé ṣé ó yé wọn. Wọ́n á ní, “Ó yé wa, sà.”

Àwọn ará Zimbabwe ti fi ọ̀nà mìíràn hàn. Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ ní Mbare, ní Harare, lọ́dún 2006, pẹ̀lú ìyá àgbà 14. Orí bẹ́ǹṣì tó wà níta ilé ìwòsàn ni ìyá àgbà kan ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń fà á lé àwùjọ kan lọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní Circle Kubatana Tose, níbi tí àwọn tó ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà rí ti ń pàdé. Wọ́n máa ń fi ọ̀rá àlòkù hun báàgì bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kò nílò láti wo ojú ẹnikẹ́ni nígbà tó bá ń sọ ohun tó ń tì í lójú, bí ó bá sì dákẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti gbà á sílẹ̀.

Tuckman padà sí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1977 pẹ̀lú Mary Ann Jensen, wọ́n sì fi ìpín kan kún un: ìtúká. Ọ̀pọ̀ olùdarí kì í múra sílẹ̀ fún un. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn á dé, wọ́n á ra mínírà àti bisikíìtì, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán. Fún ẹni tó jẹ́ pé ikú tàbí ìkọ̀sílẹ̀ ló gbé e wá, ìdágbére tí wọ́n kánjú ṣe lè dà bí òmíràn. Ó yẹ kí wọ́n ti máa sọ ọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú: kí ni wàá mú lọ, ta ni wàá pè bó bá tún dé. Ní Uganda, nígbà tí ọ̀sẹ̀ 16 pé tí àwọn olùdarí lọ, púpọ̀ nínú àwọn àwùjọ náà ń pàdé nìṣó láìsí ẹni tó pè wọ́n. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà lọ wò wọ́n ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ara wọn ṣì yá.

Ẹni tí wọ́n bá ní kó wá dara pọ̀ mọ́ irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, yálà nílé ìwòsàn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ibi iṣẹ́, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè nǹkan mélòó kan kó tó jókòó. Èèyàn mélòó ni? Ta ló ń darí wọn, ibo ló ti kọ́ ọ? Ṣé ó máa bá mi sọ̀rọ̀ ní èmi nìkan kí n tó wọlé, kó lè mọ̀ bóyá ibẹ̀ yẹ mí? Ìgbà wo ló máa parí? Ṣé mo lè jókòó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láìsọ ohunkóhun? Bí ìdáhùn sí èyí tó kẹ́yìn bá jẹ́ rárá, ẹ wá ibòmíràn lọ.